Kí Ló Dé tí Owó Mẹ́mọ́rì Kọ̀ǹpútà Kò Fẹ́ Wálẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí jẹ mọ́ nǹkan kékeré kan. Nǹkan náà ni mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn tó ń tà á ní Ìkẹjà ń pè ní RAM. Ní ọdún 2025 ni owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fò sókè káàkiri ayé. Ní òkè òkun, èyí tí wọ́n ń pè ní DDR5, ìwọ̀n gígábáìtì 32, tí ènìyàn lè rà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún dọ́là ní àárín ọdún náà, ti ju dọ́là 300 lọ kí ọdún tó parí.

Ẹni tó ń gbé ní Ṣáṣá, tàbí ní Ẹ̀gbẹ́dá, tàbí ní Ìkòtún, lè wí pé, “Kí ló kàn mí nínú èyí?” Ó kàn án púpọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tẹ ìwé fún ènìyàn lẹ́bàá títì, kọ̀ǹpútà ló fi ń jẹun. Ọmọbìnrin tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán lórí ẹ̀rọ, kọ̀ǹpútà ni pátákó rẹ̀. Fóònù ọwọ́ wa pàápàá, irú mẹ́mọ́rì yìí wà nínú rẹ̀. Bí owó ohun èlò kan bá gbówó lórí ní òkèèrè, ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan níbí ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí mẹ́mọ́rì jẹ́. Ẹ wo ìyá tó ń ta ọjà lórí àtẹ. Ó ní yàrá kan lẹ́yìn tó kó àpò ẹrù sí, ó sì ní àtẹ níwájú. Ohun tí oníbàárà fẹ́ rà lójú ẹsẹ̀, orí àtẹ ló gbọ́dọ̀ wà. Bí àtẹ bá fẹ̀, ọjà a máa yá. Bí àtẹ bá kéré, ìyá náà yóò máa sáré wọlé, yóò máa sáré jáde, oníbàárà yóò sì máa dúró. Nínú kọ̀ǹpútà, dísìkì ni yàrá ẹrù, mẹ́mọ́rì ni àtẹ. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ kéré fi máa ń wọ́ bí ìgbín nígbà tí a bá ṣí iṣẹ́ mẹ́ta mẹ́rin pọ̀ lójú kan náà.

Iná mànàmáná ni a fi ń kọ̀wé sínú mẹ́mọ́rì. Inú rẹ̀ kún fún àwọn ihò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí. Èyí tí iná wà nínú rẹ̀ dúró fún oókan, èyí tó ṣófo dúró fún òdo. Robert Dennard, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní IBM ní Amẹ́ríkà, ló gbé ọgbọ́n yìí jáde, wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní ọdún 1968. Ṣùgbọ́n àwọn ihò náà dà bí agbè tó ń jò. Iná inú wọn a máa rọra jáde, kọ̀ǹpútà sì ní láti máa bù kún wọn ní ìgbà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Nínú mẹ́mọ́rì gígábáìtì 8, irú ihò bẹ́ẹ̀ ju bílíọ̀nù 68 lọ. Bí iná bá lọ lójijì, gbogbo agbè a gbẹ. Ohun tó fà á nìyẹn tí iṣẹ́ tí a kò tíì fi pamọ́ sí dísìkì fi máa ń ṣègbé.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wá ìdí ọ̀wọ́n náà. Ìdí kìíní ni pé àwọn tó ń ṣe mẹ́mọ́rì kò pọ̀. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe ohun tó ju ìdá mẹ́sàn-án lọ nínú mẹ́wàá: Samsung àti SK Hynix ní Kòríà Gúúsù, àti Micron ní Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ kan ní Ṣáínà, CXMT, ń dàgbà bọ̀ lẹ́yìn wọn. Wọ́n pọ̀ jù báyìí lọ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Qimonda ti ilẹ̀ Jámánì wọ gbèsè ní ọdún 2009, Elpida ti ilẹ̀ Jàpáànù náà wọ gbèsè ní ọdún 2012, Micron sì rà á ní ọdún 2013. Nígbà tí mẹ́mọ́rì pọ̀ lọ́jà tí owó rẹ̀ já wálẹ̀, àwọn tí kò lè fara da àdánù kógbá wọlé.

Ìdí kejì ni ọgbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí ayé ń pè ní AI. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2022, tí ChatGPT ti jáde, ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti ń sáré kọ́ ilé tí wọ́n ń to kọ̀ǹpútà sí bí ìgbà tí a to ìṣáná sínú páálí. Ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè wa ní ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù nọ́ńbà tó gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò kí ó tó lè sọ ọ̀rọ̀ kan. Gbogbo nọ́ńbà yìí, orí àtẹ ni wọ́n gbọ́dọ̀ wà, nítorí bí ẹ̀rọ náà bá ń lọ mú wọn ní yàrá ẹrù, ilẹ̀ yóò ṣú kí ìdáhùn tó dé. Ẹyọ kan nínú ẹ̀rọ tí Nvidia ń pè ní H100, èyí tó jáde ní ọdún 2022, gígábáìtì 80 ni mẹ́mọ́rì rẹ̀. Ìlọ́po mẹ́wàá ni èyí lórí gígábáìtì 8 tó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká. Àwọn tó ń rà á kì í sì í ra ẹyọ kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n ń kó.

Ẹ ronú nípa aránṣọ kan ní Ṣáṣá tó ní ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta, tó ti ń rán aṣọ ilé-ìwé bọ̀ láti ọdún yìí wá. Lójijì ni olówó kan dé pẹ̀lú aṣọ ẹbí igba ènìyàn. Ó san owó sílẹ̀, iye tó sì ń san lórí aṣọ kan ju ti aṣọ ilé-ìwé lọ. Bí ẹ̀rọ méjì bá bọ́ sórí aṣọ ẹbí, ẹyọ kan ló kù fún aṣọ ilé-ìwé. Àwọn òbí tó fẹ́ kí aṣọ ọmọ wọn yá yóò bẹ̀rẹ̀ sí fi owó lé owó. Aránṣọ náà kò ṣẹ̀, olówó náà kò sì jalè, ṣùgbọ́n aṣọ ilé-ìwé ti wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Mẹ́mọ́rì tí AI ń lò, HBM ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń to ó lé ara wọn bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kí ó lè yára. Orí àwo sílíkónì kan náà tí wọ́n ti ń ṣe mẹ́mọ́rì tiwa ni wọ́n ti ń ṣe é. Micron sì ti ṣàlàyé pé àyè tó lè mú mẹ́mọ́rì DDR5 mẹ́ta jáde, ẹyọ kan péré ló ń mú jáde nínú HBM. Nítorí náà, bí a bá fi kún HBM díẹ̀, tiwa á dín púpọ̀.

Ìdí kẹta ni pé àwọn olówó ńlá ti ń san àsansílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, OpenAI bá Samsung àti SK Hynix fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ìṣáájú, ohun tí wọ́n sì ń lépa nínú rẹ̀ ni àwo sílíkónì tó tó 900,000 lóṣooṣù. Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, Micron kéde pé òun yóò fi títa mẹ́mọ́rì Crucial fún ará ìlú sílẹ̀, kí òun lè gbájú mọ́ àwọn oníbàárà ńlá. Ó ti lé ní ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí orúkọ Crucial ti wà lọ́jà.

Ìdí kẹrin ni èyí tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Bí ọjà bá wọ́n tó báyìí, kí ló dé tí wọn kò kọ́ ilé iṣẹ́ sí i kíákíá? Ẹ̀yin àgbà tí bàbá yín gbin kòkó yóò tètè mọ èyí. Igi kòkó kì í so ní ọdún tí a gbìn ín. Bí owó bá dára lónìí tí gbogbo àgbẹ̀ sì gbin tiwọn, ọdún kan náà ni gbogbo rẹ̀ yóò so, owó yóò sì já wálẹ̀, bí ó ti ṣe ní ọdún 1965. Ilé iṣẹ́ mẹ́mọ́rì kan ń gba ọ̀pọ̀ ọdún láti kọ́, ó sì ń gba ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù dọ́là. Àwọn tó ni ín kò gbàgbé ọdún 2023, nígbà tí mẹ́mọ́rì kún ilé ẹrù tí kò sí ẹni tó rà á. Micron pàdánù ju bílíọ̀nù dọ́là márùn-ún lọ ní ọdún ìṣirò náà, SK Hynix pàdánù ju tírílíọ̀nù wọ́ọ̀nù méje lọ, Samsung náà sì dín iṣẹ́ kù. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ìdí karùn-ún jẹ́ tiwa nílé. Dọ́là ni a fi ń ra mẹ́mọ́rì. Kí ó tó di oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba tú okùn lọ́rùn náírà, dọ́là kan kò tó náírà 500 ní báǹkì. Nígbà tí ọdún 2024 ń parí, ó ti ju náírà 1,500 lọ. Nítorí náà, ẹrù méjì ni oníṣòwò Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà ń gbé lórí: owó mẹ́mọ́rì fúnra rẹ̀, àti owó dọ́là tó fi rà á. Tòkunbọ̀ pàápàá kò yọ sílẹ̀. Bí tuntun bá wọ́n, gbogbo ènìyàn a sáré lọ sí ìdí ògbólógbòó, òun náà a sì gbówó lórí.

Àwọn kan ń wí pé àwọn ilé iṣẹ́ yìí ló gbìmọ̀ pọ̀ láti fi ọ̀wọ́n jẹ wá níyà. Ó yẹ kí a la ojú sílẹ̀ lóòótọ́, nítorí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọdún 2005, Samsung gbà ní Amẹ́ríkà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn pé òun bá àwọn mìíràn pawọ́ pọ̀ dá iye owó mẹ́mọ́rì, ó sì gbà láti san ìtanràn mílíọ̀nù dọ́là 300. Ṣùgbọ́n ti ọdún 2025 yìí, aṣọ ẹbí igba ènìyàn àti ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta ti tó láti fa ọ̀wọ́n, bí kò tilẹ̀ sí ìmọ̀ràn ìkọ̀kọ̀ kankan.

Ṣé owó náà yóò wálẹ̀? Ìtàn ọjà yìí fi hàn pé ó máa ń wálẹ̀ nígbà tó bá yá. Ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí ilé iṣẹ́ tuntun bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tàbí tí àwọn oníṣẹ́ AI bá dẹ ìnáwó wọn kù. Àárín ọdún 2027 ni Micron sọ pé òun ń retí àwo sílíkónì àkọ́kọ́ láti ilé iṣẹ́ tuntun tí òun ń kọ́ ní Idaho.

Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tú ìdí rẹ̀ wò. Nínú àwọn kan, wọ́n ti jó mẹ́mọ́rì mọ́ pátákó, kò sí àyè láti fi kún un láéláé. Èyí tó ní àyè ló sàn. Ẹ mọ irú èyí tó ń lò, nítorí DDR4 kò lè wọ ojú ihò DDR5. Ẹ tan án wò níṣojú oníṣòwò, kí ẹ sì rí i pé iye gígábáìtì tó kọ sí ara rẹ̀ ló hàn lójú ẹ̀rọ. Ẹ má ṣe ju mẹ́mọ́rì àtijọ́ sórí ààtàn. Ó lè wúlò fún ọmọ aládùúgbò. Bí kọ̀ǹpútà bá sì ń wọ́, ẹ kọ́kọ́ pa àwọn iṣẹ́ tí ẹ kò lò mọ́, nítorí àtẹ kékeré tí a tún tò dáadáa lè gba ọjà púpọ̀.