Kí ló dé tí ọta tuntun ò fi bá ìbọn àtijọ́ mu?

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo ń jẹ ẹran ìgbẹ́ lọ́wọ́ ni eyín mi gbá nǹkan líle. Gbà! Bàbá àgbà mi ní kí n tu ú sọ́wọ́. Kóró bíntín kan ni, ó dà bíi wóró ọkà bàbà. Bàbá rẹ́rìn-ín: “Ọta nìyẹn. Jù ú nù.”

Òjé ni kóró yẹn. Òjé kì í ṣe nǹkan à ń gbé mì o: ó ń ba ọpọlọ àti kíndìnrín jẹ́, ọmọdé ló sì ń ṣe ní jàǹbá jù.

Ẹyẹ náà ń fara gbá a. Pẹ́pẹ́yẹ ò ní eyín, òkúta wẹ́wẹ́ ló ń gbé mì kí iwe rẹ̀ lè fi lọ oúnjẹ. Bí ọta ọdẹ bá wà nínú ẹrẹ̀, á gbé e mì mọ́ òkúta. Iwe á máa lọ òjé, òjé á máa wọnú ẹ̀jẹ̀, títí ẹyẹ á fi kú. Idì tó bá wá jẹ òkú ẹyẹ yẹn, ó jẹ májèlé nìyẹn. Ìdí rèé tí Amẹ́ríkà fi fòfin de ọta òjé fún àwọn tó ń dọdẹ ẹyẹ omi jákèjádò orílẹ̀-èdè náà lọ́dún 1991.

Ni wọ́n bá bọ́ sórí ọta irin. Ibẹ̀ ni wàhálà àwọn tó ní ìbọn àtijọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́hùn-ún, àwọn kan ṣì ń lo ìbọn tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọ̀pá àwọn mìíràn nínú wọn kì í ṣe irin ẹyọ kan: irin oríṣi méjì ni wọ́n lọ́ mọ́ra wọn bí ẹni dirun, tí wọ́n wá fi iná jó pọ̀. Damascus ni wọ́n ń pè é. Òjé rọ̀, ó ń tẹ̀ tó bá dé ibi tí ẹnu ìbọn ti fún. Irin ò tẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó lè ha inú ọ̀pá, ó sì lè mú kí ẹnu rẹ̀ wú.

Ohun tí wọ́n wá ń lò dípò rẹ̀ ni bismuth. Ẹ ti lè gbé e mì rí láìmọ̀, torí ó wà nínú àwọn oògùn inú rírun kan. Ó rọ̀ ju irin lọ, ó sì wúwo tó: sẹ̀ǹtímítà oníhà mẹ́ta kan òjé wọn gíráàmù 11.3, ti bismuth jẹ́ 9.8, ti irin jẹ́ 7.9.

Ṣé ká kàn yọ òjé, ká da bismuth sí i? Rárá o! Ìfúnpá ló wà níbẹ̀, ìyẹn agbára tí afẹ́fẹ́ gbígbóná láti ara ẹ̀tù fi ń ti ògiri ọ̀pá ìbọn. Ẹ fojú inú wo mọ́tò tó kú sójú títì. Bí ẹ bá rọra tì í, á lọ. Bí ẹ bá fi mọ́tò mìíràn kọ lù ú lẹ́ẹ̀kan náà, á lọ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ á rún. Ẹ̀tù tó ń yára jó ló dà bí ìkọlù yẹn. Ìbọn àtijọ́ ń fẹ́ ẹ̀tù tó ń rọra jó, àti ọta tí ò wúwo jù.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé ojú ò rí ìfúnpá, èjìká ò sì lè wọ̀n ọ́n. Ìbọn lè ta padà jẹ́jẹ́, kí ìfúnpá inú rẹ̀ ti kọjá ohun tí ọ̀pá lè gbà. Ẹ̀rọ nìkan ló lè sọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá gbọ́n kì í fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò: ohun tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ wọ̀n ló ń tẹ̀ lé láìyí ohunkóhun padà, lẹ́yìn tí oníṣẹ́ ìbọn bá ti yẹ ìbọn náà wò. Ọ̀pá tó bá bẹ́, ọwọ́ tó dì í mú ló máa kọ́kọ́ mọ̀.

Èmi ò ní ìbọn o. Àmọ́ látìgbà tí mo ti mọ èyí, bí ẹran ìgbẹ́ bá wọlé wa, mo máa ń wá ọta inú rẹ̀ dáadáa, pàápàá kí n tó bu tàwọn ọmọdé fún wọn.