Ẹja Títùs Tó Ti Rọ̀: Dídín Kò Lè Lé Májèlé Inú Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ẹja tútù ni mo gbé wá lónìí, pàápàá Títùs àti ṣàwá. Ẹ lè ti rí i rí: ènìyàn jẹ ẹja tán, kò tó wákàtí kan, ojú àti ọrùn rẹ̀ pọ́n, ara ń yún un, orí ń fọ́ ọ, àyà rẹ̀ ń lù kìkì. Nígbà mìíràn, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e. Àwọn kan á ní ẹja kò bá àwọn lára mu. Àwọn mìíràn á ní aráyé ni. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ òòrùn ọjà ló ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Èròjà amúaradàgbà dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn. Ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ámínò ásíìdì, nítorí pé apá kan rẹ̀ jẹ́ ásíìdì, apá kejì sì jẹ́ ámíìnì. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ hísítídíìnì. Ó pọ̀ nínú Títùs, sàdíìnì àti tuna, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ sí lórí okùn, ńṣe ló dá wà nínú ẹran ẹja. Kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò àìfojúrí wà nínú ìfun ẹja àti ibi pupa tó fi ń mí. Bí ẹja bá ti kú tí kò sí nínú yìnyín, wọ́n á máa pọ̀ sí i, wọ́n á sì gé apá ásíìdì hísítídíìnì dànù. Ámíìnì tó ṣẹ́kù ni hísítamíìnì. Òun kan náà ni ara wa ń tú jáde bí oyin bá ta wá, ìdí nìyẹn tí ara fi ń yún.

Ibi tó burú sí rèé: iná ń pa kòkòrò, kò lè pa hísítamíìnì. Ẹ dín in, ẹ sè é, ẹ yan án, ẹ dá a padà sínú fíríìsà, ó wà níbẹ̀. Imú kò sì lè dá a mọ̀, nítorí ẹja tí kò rùn rárá lè ní in. Ó máa ń ta àwọn kan lẹ́nu bí ata, ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ ìyẹn nínú ọbẹ̀ tiwa?

Nítorí náà, ẹja ni kí ẹ rà kẹ́yìn lọ́jà, kó ṣì le bí òkúta. Èyí tí wọ́n ń wọ́n omi sí nínú òòrùn, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ tètè yọ ìfun rẹ̀. Bí iná ọba bá lọ, fíríìsà tó kún tí a kò ṣí lè mú òtútù dání fún bíi wákàtí 48, èyí tó kún dé ìdajì, bíi wákàtí 24. Èyí tí àwọn ọmọ ń ṣí wò kò sí nínú ìṣirò yìí o. Ẹja tó ti rọ̀ tó sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ẹ kò mọ ìgbà tó ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ dà á nù. Mo mọ̀ pé owó ni. Ẹja àrọ̀ àti èpìyà kì í sábà fa irú wàhálà yìí.

Ẹni tó ń lo isoniazid fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí a mọ̀ sí TB, gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidi, nítorí oògùn náà kì í jẹ́ kí ara tètè fọ́ hísítamíìnì.

Ó sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan. Piriton ń bá a jà, ṣùgbọ́n ẹ má fún ọmọdé tàbí àgbà láì béèrè lọ́wọ́ elétò ìlera, oorun tó ń fà lè gbé àgbà ṣubú. Bí mímí bá ti ń nira, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Ẹ mú èyí tó kù nínú ẹja náà dání, kí dókítà lè mọ̀ bóyá ẹja ni ara kọ̀, tàbí bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀.