Nínú Ènìyàn Mélòó? Ìbéèrè Àkọ́kọ́ Nínú Ìṣirò Ìlera Aráàlú

Nígbàkúùgbà tí àrùn bá bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò kan, iye àwọn tí ó mú ni a kọ́kọ́ máa ń gbọ́ lórí rédíò. Iye náà ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó láti mọ ibi tí ewu pọ̀ sí jù. Ohun àkọ́kọ́ tí a fi ń kọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìwádìí nípa ìlera aráàlú ni kí ó máa béèrè pé: nínú ènìyàn mélòó?

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlú méjì ṣe àpẹẹrẹ. Àrùn onígbá-méjì mú ènìyàn 60 ní ìlú kìn-ín-ní, ó sì mú 30 ní ìlú kejì. Ẹni tí ó bá wo iye yìí lásán yóò ní kí a kó oògùn lọ sí ìlú kìn-ín-ní. Ṣùgbọ́n bí olùgbé ìlú kìn-ín-ní bá jẹ́ 60,000, tí ti ìkejì sì jẹ́ 10,000, a jẹ́ pé ẹnì kan nínú 1,000 ni àrùn náà mú ní ìlú ńlá, nígbà tí ó mú ẹni mẹ́ta nínú 1,000 ní ìlú kékeré. Ìlú tí ariwo rẹ̀ kò pọ̀ ni ó nílò ìrànlọ́wọ́ jù.

Ìdá nìkan náà lè ṣini lọ́nà. Ní ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola gba Èkó wọ Nàìjíríà, ènìyàn 20 ni ó mú, 8 nínú wọn sì kú. Èyí jẹ́ ìdá 40 nínú 100. Ní Guinea, Liberia àti Sierra Leone, àwọn tí a kọ sílẹ̀ pé ó mú lé ní 28,000, àwọn tí ó sì kú lé ní 11,000. Ẹ ṣírò rẹ̀: òun náà kò jìnnà sí ìdá 40 nínú 100. Bí a bá dárúkọ ìdá méjèèjì láìdárúkọ iye, wọn yóò dàbí ìbejì. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá àwọn 894 tí ó ti fara kan aláìsàn rí, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn kí àrùn náà má baà tàn ká. Ẹ tún kíyè sí i pé bí ẹnì kan péré bá kún àwọn 8 tí ó kú, ìdá náà ìbá ti di 45. Bẹ́ẹ̀ ni iye kékeré ṣe máa ń rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan olúkúlùkù ilé ni abẹ́rẹ́ àjẹsára. Láti mọ ìdá àwọn ọmọ tí ó ti gbà á, a ní láti mọ iye àwọn tí ó yẹ kí ó gbà á. Ọdún 2006 ni a ṣe ìkànìyàn kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Àbá ni a ń dá láti ìgbà náà. Bí a bá dá àbá pé ọmọ 1,000 ni ó wà ní wọ́ọ̀dù kan, tí ọmọ 1,200 sì gba abẹ́rẹ́, ìwé yóò sọ pé ìdá 120 nínú 100 ni ó gbà á. (Èmi kò tíì rí ilé tí ọmọ mẹ́fà ti jáde nínú márùn-ún.) Ó sì lè jẹ́ pé 1,500 ni àwọn ọmọ náà ní tòótọ́. A jẹ́ pé 300 ti fara pamọ́ sẹ́yìn iye tí ó dára lójú, àrùn èéyi kò sì ní ṣàì rí wọn.

Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìlera bá béèrè àdírẹ́sì àti ọjọ́ orí ọmọ, kì í ṣe òfíntótó. Àdúgbò tí ẹ ń gbé gan-an ni kí ẹ sọ, kì í ṣe ti mọ̀lẹ́bí tí ẹ wá kí. Ẹ forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn ti Orílẹ̀-èdè, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ikú ẹni tí ó kú sílé sílẹ̀ pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú irú ikú bẹ́ẹ̀ ni kì í dé inú ìwé kankan.