Tíṣà Òyìnbó ní Lekki: Àwọ̀ Kọ́, Géètì Ni!

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Àmọ́ tíṣà òyìnbó tó ń kọ́ ọmọ olówó níwèé ní Lekki, ṣé wọ́n tiẹ̀ jẹ́ kó gbójú dé ọjà Ajah?

Ẹ wo bí ayé rẹ̀ ṣe rí. Iléèwé tó pè é wá láti òkè òkun ló sábà máa ń fún un nílé. Inú ẹ́sítéètì ni ilé wà, géètì wà lẹ́nu ọ̀nà, sìkiọ́rítì wà nídìí géètì. Dírẹ́bà á gbé e lọ láàárọ̀, á gbé e bọ̀ lọ́sàn-án. Tó bá fẹ́ ra tòmátì, súpámákẹ́ẹ̀tì ni. Ó lè lo ọdún méjì lójú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ kó má mọ ìyá ẹlẹ́ja kan ṣoṣo.

Ṣé ìgbéraga ni? Kì í ṣe gbogbo wọn. Ẹ̀rù olè àti ajínigbé ló ń ba àwọn tó gbà wọ́n síṣẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá fi èèyàn sí náà ló máa mọ̀.

Káàdì tó dá ìjà sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Lọ́dún 1961, ìjọba Amẹ́ríkà kó àwọn ọ̀dọ́ Peace Corps wá ṣe tíṣà ní Nàìjíríà. Yunifásítì Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń gba ẹ̀kọ́. Ní oṣù October, ọ̀kan nínú wọn, Margery Michelmore, ọmọ ọdún 23, kọ káàdì sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé. Ó ní ìgbé ayé ibẹ̀ kò dáa rárá, pé ojú títì làwọn èèyàn ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tajà, tó fi dórí ìgbọ̀nsẹ̀! Káàdì já bọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan he é. Ariwo ta! Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kí gbogbo wọn máa lọ sílé. Michelmore tọrọ àforíjì, ó sì fi Nàìjíríà sílẹ̀. Àwọn tó kù dúró, wọ́n sì ṣe tíṣà.

Ẹ̀yin ìyá alákàrà ẹ̀bá títì, ẹ̀yin ló ń bá wí o! Ó rí iná, ó rí agbada. Kò tíì jókòó ti alákàrà kó mọ̀ pé owó iléèwé ọmọ ló ń dín yẹn.

Ẹni tó jáde nínú ọgbà

Yunifásítì kan náà ni Ulli Beier, ọmọ Jámánì, wá ṣe tíṣà sí lọ́dún 1950. Òun kò jókòó sínú ọgbà. Ó kó lọ sí Ẹdẹ, ó gbé Ìlobùú, ó gbé Òṣogbo. Lọ́dún 1962, òun àti Dúró Ládiípọ̀ dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ l'Óṣogbo. Jimoh Buraimoh, tó ń ṣètò iná fún ẹgbẹ́ òṣèré Ládiípọ̀, di ayàwòrán tí ayé mọ̀ láti ibẹ̀. Òyìnbó ni Beier náà o! Àwọ̀ kò dí i lọ́wọ́.

Ọwọ́ ọlọ́jà náà kò mọ́

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi kì í ṣe ti géètì nìkan. Tí òyìnbó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ọjà iṣẹ́ ọnà ní Jakande, kí ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀? "Òyìnbó! Òyìnbó!" Ọjà ẹgbẹ̀rún méjì náírà di ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Ó sanwó lónìí, dírẹ́bà sọ iye rẹ̀ gan-an fún un lọ́la, ó tán! Ìdúnàádúrà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ ìrẹ́jẹ ló ń lé oníbàárà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni iléèwé, ẹ jẹ́ kí tíṣà Yorùbá yín mú àlejò yìí dé ọjà ní Sátidé. Ẹ kọ́ ọ ní "Ẹ kú ọjà" kó tó kọ́ "Èló ni?" Ẹ̀yin ọlọ́jà, iye tí ẹ ń tà fún aládùúgbò ni kí ẹ tà fún un.

Káàdì ti di fóònù báyìí, ṣùgbọ́n tíṣà ṣì ń ròyìn ìlú yìí fáwọn ará ilé rẹ̀. Ìyá tó bá dá a lóhùn dáadáa nídìí àtẹ, ọ̀rọ̀ ìyá náà ni yóò rò fún wọn.