Òfin ilé-iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò, bébà lásán ni: Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Cadbury kọ́ gbogbo oníléeṣẹ́ Ọgbà lọ́gbọ́n

Ẹni tó bá ń ná agbègbè Ọgbà mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ ló sọ àdúgbò náà di ohun tó dà lónìí. Bí èèyàn bá ti Acme Road bọ́ sí Wempco, tó ya sí Ọba Akran, tó wá gba Agidingbi jáde, àwọn tó ń ṣe oúnjẹ àti ohun mímu, àwọn tó ń ṣe oògùn, àwọn tó ń ṣe ike àti àwọn tó ń tẹ̀wé ló máa rí lọ́tùn-ún lósì. Bí ẹ bá sì wọ ọ́fíìsì ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ ó rí ìwé kan tí wọ́n fi gíláàsì bò lára ògiri, tí wọ́n kọ òfin àti ìlànà ilé-iṣẹ́ sí: àwọn kò gba rìbá, ààbò òṣìṣẹ́ ló jẹ àwọn lógún, òtítọ́ ni àwọn fi ń ṣòwò. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tí wọ́n kọ náà ni wọ́n ń ṣe?

Ìbéèrè yìí ti ná àwọn èèyàn lówó rí ní àdúgbò yìí kan náà, ilé-iṣẹ́ tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ bí ẹní mowó ló sì ṣẹlẹ̀ sí.

Bí ọ̀rọ̀ Cadbury ṣe jẹ́

Ọdún 1965 ni wọ́n forúkọ Cadbury Nigeria sílẹ̀ níbí. Nígbà tó di 1976, ó wọ ọjà ìpín-ìdókòwò, níbi tí olówó-oṣù pàápàá ti lè ra ìpín tirẹ̀. Agidingbi, tó múlé gbe Ọgbà, ni ilé-iṣẹ́ náà wà. Ta ni kò mu Bournvita rí? Ta ni kò jẹ TomTom rí? Irú ilé-iṣẹ́ tí èèyàn máa ń ra ìpín rẹ̀ sílẹ̀ de ọjọ́ ogbó ni, torí ó dà bíi pé kò sí ohun tó lè ṣe é.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006, Cadbury Schweppes, ilé-iṣẹ́ òyìnbó ìlú Lọ́ńdọ̀nù tó jẹ́ òbí fún ti Agidingbi, fi kún ìpín rẹ̀ níbẹ̀, ó ti bíi ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún kọjá ìdajì. Ẹni tó bá ti ní ju ìdajì lọ, ìwé owó ilé-iṣẹ́ náà ti di ara ìwé owó tirẹ̀, ó sì di dandan kó yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Kí ọdún náà tó parí, àṣírí tú. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún àwọn aṣírò-owó PricewaterhouseCoopers láti tú u wò. Nígbà tí oṣù kejìlá 2006 fi máa dé, ìgbìmọ̀ olùdarí kéde pé wọ́n ti bu iyọ̀ sí ìwé owó náà fún ọdún bíi mélòó kan, àpọ̀jù tó wà níbẹ̀ sì wà láàárín bílíọ̀nù 13 sí bílíọ̀nù 15 náírà. Ọ̀gá àgbà pátápátá àti olùdarí ètò ìnáwó fi ipò sílẹ̀ lọ́ranyàn.

Nígbà tó di 2008, àjọ SEC, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó káràkátà ìpín-ìdókòwò, gbé ìdájọ́ tirẹ̀ jáde. Wọ́n ní ó ti tó ọdún bíi mélòó kan tí wọ́n ti ń yí ìwé náà. Wọ́n bu owó ìtanràn lé ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n bu mílíọ̀nù 20 náírà lé Akintola Williams Deloitte tó jẹ́ ọ́dítọ̀ wọn, wọ́n sì fìyà jẹ àwọn kan nínú àwọn olùdarí. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a.

Òfin wà, ìwé wà, kí ló wá dé?

Ohun tó yẹ kí gbogbo oníléeṣẹ́ ronú sí jù nìyí: ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹlẹ̀ nítorí pé òfin kò sí. Láti ọdún 2003 ni SEC àti CAC ti jọ gbé ìlànà ìṣàkóso rere jáde fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà lórí ọjà ìpín. Ṣáájú ìgbà yẹn, láti 1990, òfin tó de àwọn ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà ti pàṣẹ pé kí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìgbìmọ̀ tí yóò máa yẹ ìwé owó wò, kí àwọn tó ni ìpín sì wà nínú rẹ̀. Ọ́dítọ̀ sì tún wà, tó ń buwọ́ lu ìwé lọ́dọọdún. Gbogbo aṣọ tó yẹ kí ọmọ wọ̀ ló wọ̀, síbẹ̀ òtútù mú un.

Ìdí rẹ̀ ni pé òfin kan wà fún kíkọ, òmíràn wà fún wíwọ̀n. Ìlànà 2003 yẹn, ìmọ̀ràn ló jẹ́, ẹni tó bá wù ló ń tẹ̀ lé e. Kò sì sí ìlànà tó lè ṣiṣẹ́ níbi tí ẹni tí wọ́n fi òfin dè ti jẹ́ òun náà ni yóò sọ fún ayé pé òun ń pa á mọ́. Nígbà tí ojú mìíràn, tí nǹkan tirẹ̀ wà nínú rẹ̀, wá wo ìwé náà, kò ju oṣù díẹ̀ lọ tí ohun gbogbo fi hàn.

Kí òfin má máa sọ ọ̀kan, kí owó máa sọ èkejì

Nínú ọgbọ́n tí SEC ní wọ́n dá, ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan, ká túmọ̀ rẹ̀. Bí ọdún bá ń parí lọ, tí ọjà tí wọ́n tà kò tíì tó iye tí wọ́n lérí, wọ́n á kó ẹrù rẹpẹtẹ lọ fún àwọn alágbàtà, ju èyí tí àwọn yẹn lè tà lọ. Nínú ìwé, ọjà ti tà, èrè ti wọlé. Ṣùgbọ́n sítọ̀ọ̀ alágbàtà ni ẹrù náà wà, owó rẹ̀ kò sì tíì dé. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n jẹ oúnjẹ ọdún tó ń bọ̀ mọ́ ti ọdún yìí. Bí ọdún tuntun bá dé, ebi á wà nílẹ̀, wọ́n á sì ní láti jẹ ti ọdún mìíràn mọ́ ọn. Ọgbọ́n kejì ni pé kí wọ́n sún ìnáwó ọdún kan sí ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta ni ìwé ẹ̀rí èké nípa ẹrù tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrù fún wọn.

Ohun tó wà lọ́kàn àwọn tó ṣe é, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti bójú tó ilé-iṣẹ́ rí mọ̀ pé irú nǹkan báyìí kì í ṣàdéédéé wọlé. Bí òfin tó wà lára ògiri bá ń sọ pé òtítọ́ ni kẹ́ ẹ máa sọ, tí bónọ́ọ̀sì, ìgbéga àti ìyìn sì ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó bá mú táágẹ́ẹ̀tì ṣẹ nìkan, láìbèèrè bó ṣe mú un ṣẹ, òfin méjì ló wà nínú ilé yẹn. Bébà ló gbé èyí àkọ́kọ́ dání, owó ló gbé èkejì. Ẹ̀yin náà mọ èyí tí òṣìṣẹ́ máa gbọ́.

Èyí kan oníléeṣẹ́ kékeré pẹ̀lú

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ńláńlá lèyí, kí ló kan òun tó ní òṣìṣẹ́ 15 ní ẹ̀yìn Acme Road. Ó kàn án púpọ̀. Bí bílíọ̀nù bá ń jò lápò ńlá, ilé-iṣẹ́ ńlá lè rí òbí tó máa gbà á sílẹ̀. Ta ni yóò gba tìrẹ sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká fi ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì kan tí kò sí níbì kankan ṣe àpẹẹrẹ. Dísù ń tán ju bó ṣe yẹ lọ, ọ̀gá sì fura pé wọ́n ń jí i. Ó gbé òfin kalẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bu dísù láìjẹ́ pé èèyàn mẹ́ta buwọ́ lùwé. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ ní aago méjì òru, àwọn mẹ́ta tó yẹ kó buwọ́ lùwé wà nílé wọn tí wọ́n ń sùn. Ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò bàjẹ́. Kí oṣù tó parí, àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ ti gba ìwé tí wọ́n ti buwọ́ lù sílẹ̀ lófìfo. Òfin ṣì wà lára ògiri, ṣùgbọ́n ó ti kú, olè sì ti wá ní ìwé tó ń ti iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn.

Kí ló yẹ kó ṣe? Ohun àkọ́kọ́ ni kó wọn ohun tó ń dùn ún kó tó gbé òfin kankan kalẹ̀. Àago kan wà lára ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ tó máa ń ka iye wákàtí tó fi ṣiṣẹ́. Bó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 20, tí dísù lítà 300 tán, lítà 15 ló ń lọ ní wákàtí kan. Kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun kejì ni kó pe àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà, pàápàá àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́, kó bi wọ́n léèrè ohun tó lè ṣeé ṣe. Wọ́n lè sọ fún un pé ẹni kan péré ni kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́, kí ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ sì ka àago náà níṣojú rẹ̀.

Ohun kẹta, kó sọ ọjọ́ tí wọn yóò yẹ òfin náà wò, bóyá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kó sì yan ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni yẹn kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ́ àbúrò ọ̀gá tí ẹnikẹ́ni kò lè bi léèrè ọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ibi yìí ló ti máa ń wọ́ fún ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ wa: wọ́n fi ọmọ ìyá sí sítọ̀ọ̀ nítorí ìfọkàntán, ìfọkàntán náà ló wá di aṣọ tó bo ihò mọ́lẹ̀. Ẹ fọkàn tán ọmọ ìyá yín, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a ka ẹrù.

Bí oṣù mẹ́ta bá pé, tí dísù ti wálẹ̀ sí lítà 12 ní wákàtí kan, òfin ṣiṣẹ́. Bó bá ṣì wà ní 15, wọ́n ní láti bi ara wọn léèrè bóyá olè kọ́ rárá, bóyá jẹnẹrétọ̀ ló ń fẹ́ àtúnṣe. Bí dísù bá wálẹ̀, tí ìyẹ̀fun tó ń bàjẹ́ sì lọ sókè, òfin náà ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbà, ó ń fi tòsì dànù. Kò sí ìtìjú nínú kí ọ̀gá pa òfin tí kò ṣiṣẹ́ rẹ́. Èyí tó burú ni kó fi í sílẹ̀ lára ògiri, torí òṣìṣẹ́ tó bá ti fojú di òfin kan láìsí ohun tó ṣe é yóò fojú di àwọn yòókù náà.

Ohun tí ìjọba ti ṣe láti ìgbà náà

Òfin ìdókòwò ọdún 2007 ló mú un ní dandan fún ọ̀gá àgbà àti olórí ètò ìnáwó ilé-iṣẹ́ tó wà lórí ọjà ìpín pé kí àwọn fúnra wọn buwọ́ lu ìwé owó, kí wọ́n jẹ́rìí sí i pé òtítọ́ ni. Òfin tuntun ti 2025 ti rọ́pò rẹ̀. Ní 2011, wọ́n dá Financial Reporting Council sílẹ̀, àjọ yìí ló sì ṣe ìlànà ìṣàkóso ilé-iṣẹ́ ọdún 2018, tó ní kókó 28. Nínú rẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa yẹ iṣẹ́ ìgbìmọ̀ olùdarí wò lọ́dọọdún, kí ọ̀nà wà tí òṣìṣẹ́ lè gbà ta àwọn aláṣẹ lólobó láìfi iṣẹ́ rẹ̀ wewu, kí ọ́dítọ̀ kan náà má sì pẹ́ ju ọdún 10 lọ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan. Ìdí èyí ò ṣòroó mọ̀: ojú tó bá ti mọ́ ilé jù kì í rí ìdọ̀tí ibẹ̀ mọ́.

Ní ti Cadbury, ilé-iṣẹ́ náà kò kú. Bournvita ṣì ń jáde ní Agidingbi, abẹ́ Mondelez ló sì wà báyìí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti ra ìpín nígbà tí ìwé ń dán, èrè tí kò sí ni wọ́n fowó rà.

Nítorí náà, ẹ̀yin oníléeṣẹ́ wa, láàárọ̀ ọ̀la, ẹ mú ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn òfin tó wà lára ògiri yín. Ẹ bi ara yín léèrè ìgbà tí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò gbẹ̀yìn, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, àti nọ́ńbà tó fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́. Bí ìdáhùn kò bá sí fún ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kẹ́ ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ yín jókòó, kẹ́ ẹ jọ tún un kọ.