Kò Sẹ́ni Tó Sọ fún Mítà

Nítorí kòtò ojú ọ̀nà, bàbá mi fẹ́ kí Corolla wa ga díẹ̀ sí i. Fọ́kánáísà bọ́ táyà 195/65R15, ó fi tòkunbọ̀ 205/70R15 rọ́pò rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ó wọlé dáadáa." Lóòótọ́ ló wọlé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mítà.

Mítà kì í rí ojú ọ̀nà. Iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí ló ń kà. Táyà àkọ́kọ́ ga tó mìlímítà 634.5, tuntun yìí ga tó 668. Ìyípo rẹ̀ kan fi nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí mítà bá péye tẹ́lẹ̀, nígbà tó bá ka 100, ọkọ̀ ti ń sá 105. 100 sì ni òfin gbà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ́nà márosẹ̀. Bí a bá ní ká pààrọ̀ ọ́ìlì ní 5,000 kìlómítà, a ti rìn ju 5,250 lọ.

Ohun tí a kọ́ nípa àmì ní kíláàsì náà nìyí: ìtumọ̀ rẹ̀ dúró lórí àdéhùn. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn awakọ̀ kí ẹ tó ra táyà.