Akàndá ọmọ tó ń wọ SS1: ṣé ìwé ni àbí iṣẹ́ ọwọ́?



Ní ọjọ́ Àìkú kan tí a parí asalátù ní Ìpara, obìnrin kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ẹnu wa.

"Àáfà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan," ni ìyá náà wí. "Ọmọ yìí kì í gbọ́ràn dáadáa láti ìgbà tí ibà líle kan ti ṣe é ní kékeré. Ó yege ìdánwò JSS3. Bàbá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ti jókòó sọ ọ́, wọ́n ní kí ó lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀, pé kí ni adití fẹ́ fi SS ṣe. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń sunkún."

Mo bẹ ìyá wa pé kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ìdáhùn tí mo padà fún wọn ni mo kọ síbí yìí, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe ilé kan ṣoṣo ni irú ọ̀rọ̀ yìí wà. Ẹlòmíràn, ojú ni kò ríran nínú ọmọ tirẹ̀. Ti ẹlòmíràn, ẹsẹ̀ ni. Ti ẹlòmíràn, ìwé ni kì í tètè yé e.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe ọmọ

Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń yan ọ̀nà fún ọmọ láì tíì mọ bí àìlera náà ti tó. Ọmọ tí a ń pè ní olódo lè jẹ́ ẹni tí kò rí ohun tí olùkọ́ kọ sójú pátákó. Èyí tí a ń pè ní aláìgbọràn lè má gbọ́ ohun tí a sọ rárá. Nítorí náà, àyẹ̀wò ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Fún àwa ará Rẹ́mọ, ilé ìwòsàn ńlá ti fásitì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣàgámù, kò jìnnà sí wa. Dókítà etí wà níbẹ̀, dókítà ojú náà sì wà níbẹ̀. Wọn yóò sọ bí ọmọ ti ń gbọ́ràn tó, bóyá ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tàbí ìgò ojú lè ràn án lọ́wọ́.

Bí ó bá jẹ́ pé ìwé ni kì í yé ọmọ, tàbí ìwà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ilé ìwòsàn Àró ní Abẹ́òkúta ń rí sí ọ̀rọ̀ ọpọlọ àwọn ọmọdé. Mo mọ̀ pé orúkọ yẹn ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù. Lílọ sí Àró kò túmọ̀ sí pé orí ọmọ dàrú. Àyẹ̀wò ni a wá ṣe, kí a lè mọ ọ̀nà tí a ó gbà kọ́ ọ.

Kí ẹ tọ́jú ìwé àyẹ̀wò náà dáadáa. Ẹ ó tún nílò rẹ̀ nígbà ìdánwò, bí mo ṣe máa ṣàlàyé níwájú.

Ẹ̀tọ́ ọmọ ni, kì í ṣe àánú

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari bu ọwọ́ lu òfin ìjọba àpapọ̀ tó ka yíya àwọn akàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ léèwọ̀. Òfin náà sọ pé akàndá ẹ̀dá ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé òpin ilé ìwé sẹ́kọ́ńdírì. Ó tún sọ pé kí àwọn ilé ìwé ìjọba gba irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, kí ó kéré tán òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ nípa ìtọ́jú ẹ̀kọ́ wọn wà ní ilé ìwé kọ̀ọ̀kan.

Àwa náà mọ̀ pé ohun tó wà nínú ìwé òfin kò tíì dé gbogbo kíláàsì. Síbẹ̀, bí ọ̀gá ilé ìwé bá ní òun ò lè gba ọmọ yín nítorí pé adití ni, ẹ mọ̀ pé ẹ̀tọ́ ni ẹ wá bèèrè, ẹ kò wá tọrọ nǹkan. Ẹ fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́.

Ẹ̀ka wo ló yẹ ọmọ?

Ní SS1 ni ọmọ máa ń yan ẹ̀ka: sáyẹ́ǹsì, áàtì, ìṣòwò, tàbí iṣẹ́ ẹ̀rọ. Nínú ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní 2025, iṣẹ́ mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ni akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdírì àgbà yóò máa ṣe. Ohun tí a bá yàn níbẹ̀ ló máa sọ ibi tí ọmọ lè wọ̀ lẹ́yìn ọ̀la. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a fi ẹ̀rù yàn án.

Ọmọ tí kò gbọ́ràn lè ṣe ẹ̀ka èyíkéyìí. Ojú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́; ó lè ṣe ìṣirò, kẹ́mísìrì, kọ̀ǹpútà àti àwòrán. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló sábà máa ń le fún un, nítorí etí ni ọ̀pọ̀ wa fi kọ́ èdè. Ẹ bá a wá ẹni tí yóò máa kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì nílé. Ẹ bẹ olùkọ́ pé kí ó jókòó níwájú, kí wọ́n má máa kọ ẹ̀yìn sí i sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó máa da nóòtì kọ. Bí kò bá gbọ́ nǹkan kan rárá, ilé ìwé tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ ló dára jù fún un, kí ẹ̀yin náà sì kọ́ èdè ọwọ́ yẹn. Andrew Foster, ará Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí etí rẹ̀ di. Ní 1954 ó gboyè ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington. Òun náà ló wá dá ilé ìwé adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960.

Ọmọ tí kò ríran sábà máa ń gba ẹ̀ka áàtì: Lítíréṣọ̀, ètò ìjọba, ìtàn, Yorùbá, Lárúbáwá àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Láti ibẹ̀ ó lè di agbẹjọ́rò, olùkọ́ tàbí oníròyìn. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ kò gbé sáyẹ́ǹsì. Àwòrán àti ohun èlò tí ọwọ́ lè kà ni kò sí ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé wa. Kí ó tó wọ SS1, ó yẹ kí ó ti mọ Braille kà, ìyẹn ìwé oníkókó tí ìka ń kà, kí ó sì mọ títẹ kọ̀ǹpútà tó ń ka ọ̀rọ̀ jáde.

Ọmọ tí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ ń dà láàmú kò ní ìdí kankan láti sá fún ẹ̀ka tó bá wù ú. Àtẹ̀gùn ilé ìwé àti gíga tábìlì yàrá àyẹ̀wò ni kí ẹ lọ wò. Ìbéèrè tí ẹ máa bi ọ̀gá ilé ìwé ni pé ṣé kíláàsì rẹ̀ lè wà nísàlẹ̀.

Ọmọ tí ìwé kì í tètè yé ni kí a ní sùúrù fún jù. Ẹ yan àwọn iṣẹ́ tó fẹ́ràn fún un, ẹ má fi ẹ̀ka ẹ̀gbọ́n rẹ̀ díwọ̀n tirẹ̀. Bí WAEC bá ju agbára rẹ̀ lọ, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba wà, àjọ NABTEB sì ń ṣe ìdánwò fún àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀. Sátífíkéètì rẹ̀ wúlò.

Iṣẹ́ télọ̀ wà nínú SS fúnra rẹ̀

Ibí yìí ni ìdáhùn tí mo fún ìyá wa gan-an wà. Nínú ètò ẹ̀kọ́ tuntun yìí, ó di dandan kí akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdírì àgbà mú iṣẹ́ ọwọ́ kan mọ́ ìwé rẹ̀. Mẹ́fà ni àwọn iṣẹ́ náà: aṣọ rírán, ìṣoge àti ìtọ́jú ara, títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe, ríri iná oòrùn mọ́lé àti títún un ṣe, ẹran ọ̀sìn, àti ọ̀gbìn.

Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ télọ̀ tí àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní kí ó fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ kọ́, inú ilé ìwé ló wà! Bí ó bá kọ́ ọ níbẹ̀, tí ó sì ń ran ọ̀gá télọ̀ kan lọ́wọ́ lọ́jọ́ Sátidé, yóò jáde pẹ̀lú iṣẹ́ lọ́wọ́ àti sátífíkéètì lápò. Bí ó bá fi ilé ìwé sílẹ̀ lónìí, iṣẹ́ nìkan ni yóò ní, ìlẹ̀kùn yòókù á sì tì. Mi ò bú iṣẹ́ ọwọ́, Ànábì Dáúdà pàápàá jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a má fi iṣẹ́ ọwọ́ ṣe ìjìyà fún ọmọ nítorí etí rẹ̀.

Ẹ lọ bèèrè, ṣá o, èwo nínú àwọn iṣẹ́ mẹ́fà yìí ni ilé ìwé tí ẹ fẹ́ ní olùkọ́ rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwé ló ní gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ ìdánwò

WAEC máa ń ṣe ìwé ìbéèrè Braille fún àwọn tí kò ríran, wọ́n sì máa ń fi àkókò kún tiwọn. Ṣùgbọ́n ilé ìwé ló gbọ́dọ̀ sọ fún wọn nígbà ìforúkọsílẹ̀ pé irú ọmọ báyìí wà lọ́dọ̀ wa. Bí a bá dákẹ́ nítorí ìtìjú, tí ọjọ́ ìdánwò sì kò, kò sí ohun tí alábòójútó lè ṣe mọ́. Ibí yìí ni ìwé àyẹ̀wò dókítà ti máa wúlò.

JAMB pẹ̀lú ti dá ètò kan sílẹ̀ láti 2017 fún àwọn tí kò ríran àti àwọn akàndá ẹ̀dá mìíràn. Ibùdó tiwọn yàtọ̀, ohun èlò tó bá wọn mu wà níbẹ̀, JAMB sì ń bójú tó ibùgbé àti oúnjẹ wọn lásìkò ìdánwò. Ẹ rí i pé ọmọ sọ ipò rẹ̀ nígbà tó bá ń forúkọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn SS ńkọ́?

Ní Ọ̀yọ́, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti ìjọba àpapọ̀ kan wà tó jẹ́ ti ẹ̀kọ́ àkànṣe, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977. Akàndá ẹ̀dá ń kàwé níbẹ̀, àwọn tí kò ní àìlera kankan náà ń kàwé níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń gba NCE, bí a ti ń kọ́ adití, bí a ti ń kọ́ ẹni tí kò ríran, àti bí a ti ń kọ́ ọmọ tí ìwé kì í tètè yé. Fásitì Ìbàdàn àti ti Jos náà ní ẹ̀ka yìí fún ẹni tó fẹ́ gboyè. Kírẹ́díìtì márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀, ni kí a máa fojú sí láti SS1.

Àwọn ọmọ yín tí ara wọn le náà, ẹ sọ fún wọn pé iṣẹ́ wà nínú ẹ̀kọ́ yìí. Òfin 2019 ní kí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ní irú òṣìṣẹ́ yìí. Ẹ wo ilé ìwé mélòó ní àdúgbò yín ló ní i.

Ojúṣe àwa Mùsùlùmí

Àwa tí a jáde nílé kéú kò ní àwíjàre. Abdullāh ọmọ Ummu Maktūm kò ríran, síbẹ̀ ó wà lára àwọn ládàánì Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ó sì ti fi í ṣe adelé ní Mẹ̀dínà. Ní Íjíbítì, Taha Hussein, tí wọ́n bí ní 1889, fọ́jú ní kékeré nítorí pé wọ́n tọ́jú ojú rẹ̀ lódìlódì. Ó kọ́ Àlùkùránì lórí ní ilé kéú abúlé rẹ̀, ó lọ sí Azhar, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1914, ó sì di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1950. Bí bàbá rẹ̀ bá ti ní kí ló fẹ́ fi ìwé ṣe, ta ni ì bá mọ̀ ọ́n?

Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ fún ara wa: àwọn Kìrìsìtẹ́nì ti ṣíwájú wa nínú iṣẹ́ yìí. Ajíhìnrere ni Foster. Ìjọ Kátólíìkì ló ni ilé ìwé Pacelli fún àwọn tí kò ríran ní Sùúrùlérè, láti 1962. Àwa náà ní sàká, a ní sàráà, a ní ẹgbẹ́ asalátù tó ń dá owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ọmọ kan kò ju agbára asalátù kan lọ bí a bá pawọ́ pọ̀.

Kí ilé ìwé tó wọlé, ẹ ṣe nǹkan mẹ́rin: ẹ mú ọmọ lọ fún àyẹ̀wò, ẹ bá ọ̀gá ilé ìwé sọ̀rọ̀ lójúkojú, ẹ bèèrè iṣẹ́ ọwọ́ tó wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà, ẹ bi ọmọ fúnra rẹ̀ pé kí ló wù ú. Ẹni ìkẹyìn yìí ni a máa ń gbàgbé jù.

Èmi náà bi ọmọ ìyá wa. Mo kọ ìbéèrè náà sínú ìwé, mo sì fún un ní bírò. Ó kọ ọ́ pé òun fẹ́ rán aṣọ, òun sì fẹ́ di olùkọ́ àwọn adití. Mo fi ìwé náà han bàbá rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní àwọn ń lọ sí Ṣàgámù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí àwọn ọmọ wa, kí Ó má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Āmīn. Wassalāmu alaykum.